Ẹ̀rọ Kékeré Tí Kò Mọ Àmì Ohùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá gún iyán nínú odó ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn tò nínú ilé mu régí. Ohun tí ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ òde òní yóò fi rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ ọ. Síbẹ̀, àwọn tí ó jẹ iyán inú odó ewé yìí yó, wọn kò sì tíì gbàgbé adùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni òṣìṣẹ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ẹni tí ó lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní ibùdó ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti Ìkòròdú.

Agbègbè Odógúnyàn ni ibùdó náà wà, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Ṣágámù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí iṣẹ́ aṣọ híhun ṣì gbóná ní Nàìjíríà, Ìkòròdú kò gbẹ́yìn nínú àwọn ìlú tí a ti ń hun aṣọ. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Nichemtex fi ṣe ibùjókòó. Ẹ̀rọ kì í sùn ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti ń jáde ni ti òru ń wọlé, ariwo òfì onírin kò sì jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn àfi bí wọ́n bá fi ẹnu ko etí. Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí à ń wí yìí ni láti tún ohun tí ó jẹ mọ́ iná mànàmáná ṣe lára àwọn òfì náà. Kì í ṣe ẹlẹ́kọ̀ọ́ gíga. Ìwé mẹ́wàá ni ó kà, ó sì ń fi alẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò City and Guilds tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe nígbà náà.

Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rí i pé kò ya ènìyàn lẹ́nu pé inú ilé-iṣẹ́ aṣọ ni ìfẹ́ kọ̀ǹpútà ti wọ ọkàn rẹ̀. Òfì ni bàbá-ńlá kọ̀ǹpútà. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Joseph Marie Jacquard ṣe òfì kan tí ń tẹ̀lé àṣẹ páálí tí a dá ihò sí. Ibi tí ihò bá wà, òwú yóò gòkè; ibi tí kò bá sí ihò, òwú yóò dúró sí àyè rẹ̀. Charles Babbage, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yá ọgbọ́n páálí yìí lò nígbà tí ó ń ṣètò ẹ̀rọ ìṣirò ńlá rẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Herman Hollerith náà lo páálí oníhò láti fi ṣe ìṣirò ètò ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1890. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn nìyẹn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ìṣirò ètò ìkànìyàn náà ni a ní ó mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà ní ọdún 1963.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbà náà kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè fojú kàn. Inú iyàrá tútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, ní báńkì àti ní yunifásítì. Bí òrìṣà inú ìgbàlẹ̀ ni ó rí: awo nìkan ni ó ń wọ ibẹ̀, ọ̀gbẹ̀rì kàn ń gbọ́ ìró rẹ̀ lóde ni. Ọdún 1975 ni ilẹ̀kùn ìgbàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, nígbà tí ilé-iṣẹ́ MITS ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kó èèlò kọ̀ǹpútà Altair 8800 sínú páálí tí ó sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fúnra rẹ̀ tò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 1981 ni Clive Sinclair ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ ZX81 jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí a ti tò yóò san pọ́n-ùn 69 àti pẹ́ńsì 95. Ẹni tí ó bá gbà láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó yóò san pọ́n-ùn 49 àti pẹ́ńsì 95. Ní ọdún náà, náírà kan lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Owó náà kò kéré lójú òṣìṣẹ́ Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè tó bí a bá ń dá èsúsú.

Èsúsú ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá. Ó fi owó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n náà sì fi páálí kan rán ẹni tí ń bọ̀ wálé ní ìparí ọdún 1981. Nígbà tí wọ́n tú páálí náà, ìyàwó onílé rò pé ohun tí ó fọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé kan ni ó wà níbẹ̀, àti rẹsísítọ̀ wẹ́wẹ́ tí a fi ọ̀dà aláràbarà kùn ní ìdí, àti kapásítọ̀, àti ṣíìpù dúdú bí mélòó kan tí ẹsẹ̀ wọn pọ̀ bí ti ọ̀kùn. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ni pé ZX80 tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1980 lo ṣíìpù 21, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọgbọ́n dín ti ZX81 kù sí 4.

Òru mẹ́rin ni ó fi tò ó, lẹ́yìn tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ń fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìlà ọ̀dà ara rẹsísítọ̀ mọ iye agbára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá aláró ti í fi ojú mọ aró tí ó jinná. Nígbà tí ó parí, kò sí tẹlifíṣàn tí yóò so ó mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ní ojú tirẹ̀. Tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú agboolé náà, ti onílé sì ni. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Bàbá ní òun gbà, bí kò bá ti ní ba òun nǹkan jẹ́, bí kò bá sì ti ní pẹ́ ju kí Village Headmaster tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo agboolé péjọ. Ó tan iná. Kò sí ohunkóhun lójú tẹlifíṣàn ju yìnyín tí ń hó lọ. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà sí iyàrá rẹ̀, ó ń fi àtùpà yẹ ẹ̀yìn pátákó náà wò títí di ọ̀gànjọ́, kí ó tó rí i pé ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ni ó so ẹsẹ̀ ṣíìpù méjì pọ̀. Ó fi abẹ̀fẹ́lẹ́ há a kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ojú tẹlifíṣàn funfun báláú, lẹ́tà K kan ṣoṣo sì jókòó sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì nínú àpótí dúdú kékeré, ó ń retí àṣẹ. Ẹni tí kò bá ti tò ó rí kò lè mọ ohun tí K yẹn jẹ́. Lójú àwọn tí ó pé jọ, lẹ́tà lásán ni. Lójú ẹni tí ó tò ó, bí ìgbà tí abiyamọ gbọ́ igbe ọmọ àkọ́kọ́ ni.

Agbára ìrántí ẹ̀rọ náà jẹ́ 1024 péré. Bí lẹ́tà kan bá gba àyè kan, ojú-ìwé kan ṣoṣo nínú ìwé ìtàn kò lè gba inú rẹ̀ tán. Kò mọ àwọ̀ bí kò ṣe dúdú àti funfun, kò sì lè pariwo. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin ni a fi ń tọ́jú ètò tí a bá kọ fún un, nítorí pé bí iná bá ti lọ báyìí, ohun gbogbo tí ó mọ̀ ti parẹ́. Iná sì ń lọ. Ohun tí ó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé orí kan náà ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò, tí ó sì fi ń ya ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣàn. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ó yára ṣírò, yóò pàṣẹ pé FAST, ojú tẹlifíṣàn yóò sì ṣófo títí ìṣirò náà yóò fi parí. Ẹ̀rọ tí ń di ojú rẹ̀ kí ó tó ronú! Nítorí pé kò lọ́rọ̀, kò lè fi ohun kan pamọ́ fún ẹni tí ń lò ó.

Ní ilé kejì sí ibẹ̀ ni olùkọ́ èdè Yorùbá kan ń gbé, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ ju ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Kò bìkítà fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó nírọ̀lẹ́ bí wọ́n bá ti gba tẹlifíṣàn lọ́wọ́ onílé. Ní ọjọ́ kan, láti mú inú rẹ̀ dùn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàṣẹ kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ kan. EKO ni ó jáde.

"Àbúrò, kí ni ẹ̀rọ yìí kọ?"

"Ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí ó kọ iṣẹ́ tiyín."

"Rárá o. Èyí tí mo rí yìí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ṣé ìlú Èkó ni, tàbí ẹ̀kọ tí à ń fi àkàrà jẹ? Ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlú, oúnjẹ àti ìmọ̀, kí ni ó fẹ́ kọ́ mi?"

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà gùn lé ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láti ìgbà tí àwọn Ìjọ C.M.S. ti jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ti jẹ́ ohun tí a fara balẹ̀ jíròrò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà ní ọ́fíìsì kò sì ní wọn. Olùkọ́ yìí ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ ní ayé rẹ̀ láti máa fi kálàmù to àmì sí orí ìbéèrè ìdánwò tí a ti tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwàdà rẹ̀ fi ní ẹ̀gún nínú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ọ̀rọ̀ náà bí ìpèníjà. Lẹ́tà tí a kọ sínú ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ kò ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn àpótí dúdú wẹ́wẹ́ tí a lè fi ya àwòrán, 64 ní ìbú àti 44 ní òró. Àpótí wọ̀nyí ni àwọn méjèèjì fi to lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà, tàmì-tàmì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹnì kan mọ ibi tí àmì yẹ kí ó wà, ẹnì kejì mọ bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí, Ẹ̀KỌ́ hàn gàgàrà lójú tẹlifíṣàn onílé, àmì ìsàlẹ̀ lórí Ẹ, àmì òkè lórí Ọ, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára ẹ̀rọ náà. Olùkọ́ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àbúrò, ó ti mọ̀ ọ́n kọ."

Láti ọjọ́ náà ni olùkọ́ ti di ọmọ-iṣẹ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àyè ìrántí kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ní ojú mẹ́jọ, tí ojú kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ òfo tàbí oókan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo náà ní ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Iye ọ̀nà tí méjèèjì lè gbà ṣubú sì bára mu: 256 ni odù Ifá, 256 ni iye tí àyè kan nínú ẹ̀rọ lè mú. Kì í ṣe pé ó ní Ifá ni kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìṣirò tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ẹni tí ó bá mọ ilé baba rẹ̀.

Ní ọdún 1982 ni Sinclair gbé ẹ̀rọ mìíràn jáde, ZX Spectrum. Ìwé ìròyìn tí ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ ni wọ́n ti kà nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí fi àyè lẹ́tà 21 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá rà á láti fi ya lẹ́tà tí ó bá wù ú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Olùkọ́ mú kálàmù, ó ṣe ìṣirò. Lẹ́tà alámì-abẹ́ tí kò lóhùn lórí jẹ́ 3: ẹ, ọ àti ṣ. Fáwẹ́lì 7 tí ó gba àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ 14. N àti m tí ó gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ 4. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 21 gééré. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣẹ́kù, kò sì dín. Bí ẹni pé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ní Yorùbá lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kò ní in lọ́kàn rárá. Olùkọ́ ra ìwé gíráàfù, ó ya lẹ́tà 21 náà sínú rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà 168 lápapọ̀. Ohun tí ó kù kò ju ẹ̀rọ lọ.

Ẹ̀rọ náà kò dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dín ọjà tí ń wọlé láti òkè òkun kù nítorí pé owó epo ti ṣubú. Ní ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, tí náírà sì já bọ́ láti orí àga rẹ̀. Ohun tí èsúsú oṣù mélòó kan lè rà ní ọdún 1981 di ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ níwájú ìyàwó. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kò jà. Wọn kò kàn rí ohun tí wọn yóò jókòó tì mọ́. Olùkọ́ kú láàárín àwọn ọdún 1990, kò sì fojú kan ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ẹ̀rọ kọ ní lẹ́tà kékeré tàmì-tàmì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà ni ó sì kógbá sílé láàárín ọdún wọ̀nyẹn àti èyí tí ó tẹ̀ lé wọn. ZX81 náà ti kú tipẹ́. Ìwé gíráàfù náà ṣì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ó ti fẹ̀yìntì náà; ìyàwó olùkọ́ ni ó gbé e fún un lẹ́yìn ìsìnkú.

Ó yẹ kí a béèrè ohun tí àárò ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àárò a máa parọ́. A máa fi oyin ra ẹnu ewúro. Ìgbà náà kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn: ẹni tí kò ní ẹbí lókè òkun kò lè ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí ó fi èdè ẹni ṣàlàyé rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta sì lè parẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Fóònù tí ó wà lápò ọmọ ilé-ìwé lónìí lágbára jù ú lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ mọ ibi tí ó ti ń ronú, ó sì mọ ìdí tí kò fi lè ṣe ohun tí kò lè ṣe. Nígbà tí ó bá ní kò mọ àmì ohùn, kò gbà pé bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó ṣe é, pé ènìyàn sì lè tún un ṣe. Ìmọ̀ yìí ni àárò rẹ̀ ń sọ ọkùnrin náà, kì í ṣe pátákó àti wáyà.

Ohun tí olùkọ́ ń wá ti dé ní ọjọ́ òní. Nínú ètò Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Bí a bá sì fẹ́ kọ ẹ́ tàbí ọ̀, a óò mú àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó ní bọ́tìnnì Yorùbá wà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo ohun tí à ń kọ ránṣẹ́ sí ara wa lójoojúmọ́ yóò rí EKO níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ZX81 ti kọ ọ́ ní Ìkòròdú. Ti ẹ̀rọ ìgbà náà ṣeé gbọ́, nítorí àìní ni. Ti àwa ńkọ́?

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò má ṣe ka àmì ohùn sí ẹrù tí olùkọ́ dì lé òun lórí. Àwọn kan ti dá èsúsú nítorí rẹ̀, wọ́n ti fi òru yọ́ lẹ́ẹ̀dì nítorí rẹ̀, ẹnì kan sì ti ya á tán sínú ìwé gíráàfù, nọ́ńbà 168, kí ó tó di pé ẹ̀rọ tí yóò gbà á wà lọ́wọ́. Àpótí kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju 1024 lọ fi gbogbo ohun tí ó ní kọ Ẹ̀KỌ́ bí ó ti yẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí àwa tí àyè gbà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.